Ọdún tí Ilẹ̀kùn Kò Dún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, jókòó tì mí ní kíṣìnnì, ó ní kí n sọ irú ọmọ tí òun jẹ́ ní ọdún yẹn fún òun. Mo mọ ọdún tó ń wí. Ó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin báyìí, ó ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá bojú wẹ̀yìn, àyè kan wà níbẹ̀ tó ti já, bí aṣọ tí eku jẹ láàárín. Ó rántí ohun tó ṣáájú, ó rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ìgbà òtútù ọdún yẹn gan-an ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni mo ń bá a tọ́jú rẹ̀, bí mo ṣe máa ń bá a tọ́jú bàtà àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kò sì yá lórí ìwé, ẹ ó ní sùúrù bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rìn bí mo ṣe ń rìn. Ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo rí ni màá kọ. Èyí tí mo gbọ́ ló pọ̀ jù, torí ilé tí a ń gbé nígbà náà, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Àjà kẹta la wà, ní Torino, nílùú òyìnbó. Ilé àtijọ́ ni, tí àwọn ilé yí àgbàlá kan ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin sì gba iwájú ilẹ̀kùn gbogbo wa kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń lọ sílé ara rẹ̀, yóò kí ilé ẹlòmíràn kó tó débẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó jọ agbo ilé bàbá mi ní Ìkirè. Bílẹ̀ bá mọ́, tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro, la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bó bá ń yí kọ́nà, irin rẹ̀ a máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ Báyọ̀, ọkọ ọmọ mi, tó ti iṣẹ́ òru bọ̀ láti magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, tí yóò bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ síta kó má baà jí ọmọ. Fúnmi ọmọ mi á ti máa ro ògì lórí iná, á máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì wúyẹ́wúyẹ́, torí ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà, ó sì gbọ́dọ̀ tètè jáde. Nísàlẹ̀ wa ni Signora Ines ń gbé, opó ni, òun nìkan ló wà nílé rẹ̀. Bí ariwo wa bá ti pọ̀ jù, á fi ẹ̀yìn ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa: kò, kò.

Ohun tó sì máa ń mú un gbá a jù ni Morẹ́nikẹ́. Ọmọ yìí kì í ti ilẹ̀kùn, ńṣe ló ń gbá a. Bó bá ti ilé ìwé dé, a ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, a ó gbọ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń mì, lẹ́yìn náà, gbàgà! Ife á mì lórí tábìlì. Fúnmi á ní, "Morẹ́, ilẹ̀kùn!" Ọmọ á ní, "Scusa!", pé ká má bínú. Signora Ines á ní kò, kò. Bó ṣe ń lọ nìyẹn lójoojúmọ́. Fúnmi a máa bínú, ṣùgbọ́n èmi kì í bá a wí. Ìyá bàbá mi ní Ìkirè, ojú rẹ̀ ti fọ́ kí n tó gbọ́n, síbẹ̀ òun ló ń ka gbogbo wa mọ́lé lálẹ́. Ó mọ ẹni tó ń fa ẹsẹ̀, ó mọ ẹni tó ń fi imú kọrin, ó mọ ẹni tí korobá rẹ̀ máa ń gbá ara wọn. Ó máa ń sọ pé ọmọ tó ń pariwo kò tíì bọ́ sọ́wọ́ aburú, ọmọ tó bá dákẹ́ ni kí ẹ lọ wò. Mo jábọ́ lórí igi gúáfà nígbà kan, mo sì fi pamọ́, mo jókòó síbi kan mo ń jẹ iṣu mi jẹ́ẹ́. Ó pè mí. Ó ní, "Àjọkẹ́, kí ló ṣe ọ́ tí mi ò gbọ́ ọ?" Orúkọ oríkì mi yẹn náà ni mo fún Morẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sí pápá yìnyín àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe họ́kì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín. Ọmọ mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò fẹ́ padà wálé mọ́. Bàbá kan ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, Signor Piero, tó wa tíráàmù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é. Ó ní yàrá kan tó kún fún bàtà onírin tí ẹsẹ̀ ọmọ ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá èyí tó bá ba ọmọ mu. Àwọn òbí ló ń gbé ọmọ lọ, àwọn òbí ló ń po tíì, àwọn òbí náà ló sì ń fọ aṣọ eré gbogbo ẹgbẹ́, ìdílé kan lọ́sẹ̀ kan. Bó bá kàn wá, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, màá sá gbogbo rẹ̀ sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Signora Ines wo òkè lọ́jọ́ kan, ó rí aṣọ pupa tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó bi mí pé ọmọ mélòó gan-an la ní nílé yìí. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì rèé, orí irin tó ń mú ilé móoru ni mò ń sá a sí. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, òórùn rẹ̀ dà bí irú tí òjò pa. Báyọ̀ máa ń sọ pé, "Màmá, ọbẹ̀ lẹ̀ ń sè ni àbí ìbọ̀wọ́?" Màá ní kó jẹun, kó má bi mí ní ìbéèrè.

Ọdún yẹn ni àwọn olówó kan gbé líìgì tiwọn dé. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń bá ẹgbẹ́ àdúgbò ṣeré. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo wọn wà pọ̀, bí ọbẹ̀ tó ní ẹran tó sì ní omi. Àwọn tuntun yìí kò dúró de ọmọ kó wá bá wọn. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan ní Vicenza, wọ́n mú òmíràn ní Udine àti Reggio Emilia, wọ́n da gbogbo wọn pọ̀, wọ́n fún wọn ní jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí orúkọ ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń gbé wọn lọ ṣeré ní Padova àti ní ìlú òkèèrè lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ti mú ọmọ méjì lọ́dọ̀ Signor Piero. Kò bú wọn. Mo rí i lọ́jọ́ tí èkejì lọ, ó mú bàtà ọmọ náà dání, ó ń fi aṣọ nu abẹ ìdí rẹ̀, ó ń nù ún títí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Signor Luca, kóòṣì àwọn tuntun, wá jókòó lórí àga òkè lọ́jọ́ kan, ó wo Morẹ́nikẹ́. Kò pẹ́ tó fi pe Báyọ̀ lórí fóònù. Ó ní àwọn fẹ́ ọmọ náà, àwọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ilé wa dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fúnmi se irẹsì, ó din dòdò. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jẹun, Báyọ̀ fi ṣíbí lélẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde nílé yìí o."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ ayé. Ohun tí kò tíì fìdí múlẹ̀, wọn kì í gbé e jáde kí gbogbo ojú wò ó. Ẹ jẹ́ kó lo ọdún kan níbẹ̀ ná. Signor Piero ńkọ́? Ẹni tó fún ọmọ ní bàtà. Kí la fẹ́ wí fún un? Ọmọ á máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á máa lọ sọ́dọ̀ àwọn yìí lọ́jọ́ Sunday. Ohun tí kò mọ̀ kò lè dùn ún."

Fúnmi ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó kọjú sí ọmọ. "Ṣé o gbọ́? Nílé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ Signor Piero. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbọ́."

Ọmọ ní, "Neanche Signora Ines?"

"Ìyẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ gbọ́," ni Báyọ̀ wí, a sì rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni jákẹ́ẹ̀tì dúdú náà ṣe ń gbé lábẹ́ ìró mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, ọmọ á yí inú rẹ̀ síta kó tó wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn má baà rí orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dà bí eré lójú rẹ̀. Ó ti sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé òun rántí ìyẹn, pé inú jákẹ́ẹ̀tì náà pupa, ó sì ń dán, pé òun máa ń ṣe bí amí tó ń gba ẹnubodè kọjá. Bí ojú ọmọ ṣe rí i nìyẹn. Ojú tèmi rí ọmọ kékeré tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láì dún lórí àtẹ̀gùn, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ọkọ ọmọ mi ni mo wà.

Lọ́jọ́ Sunday kan ní ìgbà òtútù, èmi ni mo bá a lọ sí Padova, torí àwọn méjèèjì wà níbi iṣẹ́. Mo di irẹsì sínú fúláàsì, mo wọ kóòtù méjì. Pápá ibẹ̀ tóbi, ohùn ń ta padà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pe ẹnìkan nínú kànga. Ọmọ kan láti ìhà kejì ló gbá Morẹ́nikẹ́ mọ́ ògiri. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo rí orí rẹ̀ tó lọ síwájú, tó tún padà sẹ́yìn. Ó wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ó sì dìde. Signor Luca kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó bi í pé ọjọ́ wo la wà, ó dáhùn. Kò jẹ́ kó padà sórí yìnyín. Ó wá bá mi, ó na ìka kan sókè, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́: "Una settimana. Niente ghiaccio. Capito, nonna?" Nonna ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ tẹ yìnyín, kí ó sì rí dókítà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ọmọ bi mí pé, "Nonna, abbiamo vinto?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jáwé olúborí. Ó wo fèrèsé títí. Ó tún bi mí pé ṣé a jáwé olúborí. Mo dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun ní irẹsì òun. Fúláàsì tó ti jẹ ìdí rẹ̀ tán ló wà lórí itan rẹ̀. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mi ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Torino.

Fúnmi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Iṣẹ́ ìtọ́jú ló ń ṣe, ó mọ ohun tí orí jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ló ti pe dottoressa àwọn ọmọdé, wọ́n lọ síbẹ̀, obìnrin náà sì sọ ohun tí Signor Luca sọ, ó tún fi kún un: kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ wo fóònù, kí ó má sì padà sí eré títí òun yóò fi tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní bó bá bì, tàbí bí oorun bá ń gbé e lọ lọ́nà tí kò yẹ, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Gbogbo èyí la gbọ́. Ó wá ku Signor Piero. Ọmọ kò ní lè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún un. Báyọ̀ dúró lójú fèrèsé, ó pè é, ó ní, "Ha la febbre." Ó ní ibà ni.

Kò sí ẹni tó ronú lé e. Nílé tiwa, gbogbo àìsàn ni ibà. Bí inú bá ń run ènìyàn, ibà ni. Bí ìdààmú bá bá obìnrin tí kò lè dìde nílẹ̀, wọ́n á ní ibà díẹ̀ ló mú un. Ibà ni aṣọ tí à ń jù bo ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò rí, àlejò tó bá jẹ́ ọmọ wa á sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ṣí i wò. Ṣùgbọ́n Signor Piero kì í ṣe ọmọ wa. Lójú tirẹ̀, ibà jẹ́ ibà. Ó máa ń dé, ó sì máa ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí lóòótọ́. Ilẹ̀kùn kò dún. Ọmọ á ti yàrá bọ̀, á ti í pẹ̀lẹ́, á di ilẹ̀kùn náà mú kó má ké. Bí mo bá fẹ́ lọ ata, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀, á ní, "Nonna, piano," pé kí n rọra. Ó ní kí n pa iná kíṣìnnì. Ó ń jẹun nínú òkùnkùn bí ẹni tó ń jí i jẹ. Mo bá dẹ́kun ata lílọ̀, ọbẹ̀ tí kò lọ́ràá ni mò ń sè, mo ń gbé ìkòkò sílẹ̀ lórí aṣọ kó má dún. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Mo ń gbàdúrà nínú ara mi, ẹsẹ Bíbélì kan náà ni mò ń tún sọ, àṣíborí ìgbàlà, àṣíborí ìgbàlà, torí pé ọ̀rọ̀ orí ni, mi ò sì mọ èyí tí mo tún lè sọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Signora Ines ni. Kò gun àtẹ̀gùn wa rí láti ìgbà tí a ti débẹ̀. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta dání.

"Non sento più la bambina," ó wí. Òun kò gbọ́ ọmọ náà mọ́.

Mo ní, "Febbre."

Ó wò mí. Arúgbó ni, mo jẹ́ arúgbó. Ó fi ọsàn lé mi lọ́wọ́, ó di irin mú, ó sọ̀kalẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mi ò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ojú sì ń tì mí bí ẹni tí wọ́n bá níbi olè.

Ọjọ́ Sátidé, mo lọ sọ́jà. Fúnmi wà níbi iṣẹ́. Báyọ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn lórí àga gígùn. Ara ọmọ ti fúyẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ó mu ògì rẹ̀ tán, ó tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ láti ṣa ewébẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ìṣó tí báàgì eré rẹ̀ máa ń kọ́ sí ṣófo. Mo wo yàrá. Mo wo orí irin tí mo ń sá ìbọ̀wọ́ sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jí Báyọ̀.

"Ọmọ dà?"

Ó nu ojú. "Signor Piero ló wá gbé e, Màmá. Wọ́n ní ìdíje, ọmọ wọn kò pé. Ó bi mí pé ṣé ibà ti lọ, Morẹ́ ní ara òun ti yá. Ọ̀sẹ̀ náà pé lọ́la kẹ̀. Mo ní kó má sáré púpọ̀."

"Lórí yìnyín? Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀, kó jókòó?"

Mo rí i tí oorun ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ó fa fóònù, ó ń pe Signor Piero, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ó ń wí pé, "Mo rò pé, Màmá, mo rò pé." Kó tó rí èkejì bàtà rẹ̀, mo ti dé ìsàlẹ̀.

Tíráàmù yẹn, mo mọ gbogbo ibi tó máa ń dúró sí. Ọjọ́ yẹn, ó dà bíi pé wọ́n tún bí òmíràn sáàárín wọn. Obìnrin kan ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé, ọkùnrin kan ń wá owó nínú àpò. Mi ò pariwo. Ẹ̀rù tó bá kún inú kì í jáde lẹ́nu. Mo di irin mú, mo ń wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo ṣì gbé báàgì ewébẹ̀ dání, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí mo wọ pápá yìnyín, eré ti wọra. Gbogbo wọn dé àṣíborí, gbogbo wọn tóbi nínú aṣọ ìdáàbòbò, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Aṣọ pupa pọ̀, mo ti fọ gbogbo wọn rí. Mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wá a. Mo wá rí ọ̀kan tí kò tẹ̀ lé àwọn yòókù. Gbogbo ọmọ sáré lọ sápá kan, òun nìkan dúró láàárín, ó ń wo gílóòbù òkè, ọ̀pá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì ti yí padà, wọ́n ń bọ̀, ọmọkùnrin gíga kan ló ṣáájú wọn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ti di bí ẹ kú àárọ̀ létí mi. Ọjọ́ yẹn, orí ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré inú ògiri náà, mo tẹ yìnyín pẹ̀lú bàtà ọjà mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ lọ kúrò lábẹ́ mi, mo fi ìbàdí balẹ̀, ewébẹ̀ fọ́n ká. Mo gbọ́ fèrè. Mo gbọ́ irin bàtà gbogbo wọn tó ń ha yìnyín láti dúró.

Signor Piero sáré wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ó ń ké, "Signora! Signora, che succede?" Ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Italian tí mo ní kò pọ̀. Mo kó wọn jọ. "Testa," mo wí, mo fi ọwọ́ gbá orí mi. "Morẹ́. Domenica. Padova. Testa. No febbre. Testa."

"Padova?" Ó wò mí. Mo rí i tó mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ọjọ́ Sunday, gbogbo rẹ̀. Kò béèrè ìkan nínú rẹ̀. Ó yí padà, ó ń wá ọmọ.

Ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lórí yìnyín pẹ̀lú gbogbo ẹrù ara rẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ọ̀sán ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ó rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Nonna, dove siamo?" Kí n tó sọ ibi tí a wà fún un, ó bì sára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní kọ púpọ̀ nípa ọsibítù. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kò dà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a dúpẹ́ pé nǹkan kejì kò gbá a. Wọ́n ní ó máa wà nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ fún ìgbà tí àwọn kò lè sọ. Fúnmi dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Báyọ̀ dúró mọ́ ògiri, kò lè jókòó. Signor Piero wà níbẹ̀, ẹnìkan sì ti pe Signor Luca, òun náà dé, nínú jákẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ní kọ́rídọ̀, àga kan ṣófo láàárín wọn, wọn kò wo ara wọn. Ìbàdí ń ro mí. Mo lọ jókòó sórí àga náà.

Signor Luca ní òun ti sọ fún nonna pé ọ̀sẹ̀ kan. Signor Piero ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó wá kọjú sí Fúnmi, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ma perché febbre?" Kí ló dé tí ẹ ní ibà ni?

Fúnmi ní, "Avevamo paura." Ó ní ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹ̀rù kí ni, kò lè parí rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ ayé ní èdè Italian fún ẹni tó fún ọmọ ní bàtà? Ìyá mi máa ń sọ pé ajá tó ní olówó méjì, ebi ni yóò pa á, torí olúkúlùkù rò pé èkejì ti fún un lóúnjẹ. Mo ro ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Signor Piero gbé ọwọ́ rẹ̀ kọjá iwájú mi, ó fi lé orúnkún Signor Luca lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kúrò. Ìyẹn nìkan ni mo rí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni pé wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, láti mọ ọmọ tó ṣubú lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ẹgbẹ́ aṣọ pupa kò pẹ́ mọ́ kó tó tú ká. Líìgì jákẹ́ẹ̀tì dúdú wà níbẹ̀ di òní, ó ti tóbi, ọ̀dọ̀ wọn ni Signor Piero sì ń pọ́n abẹ bàtà báyìí, irun rẹ̀ ti funfun tán.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọmọ wà nínú yàrá tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ dà bí ata lójú òun. Mo ń jókòó tì í, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ń sọ ìtàn Ìkirè fún un, ó máa ń gbàgbé, màá tún un sọ, inú rẹ̀ á tún dùn bí ẹni pé àkọ́kọ́ nìyẹn. Báyọ̀ bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Lálẹ́ a máa jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò ní wọlé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Mò ń gbọ́ ni, Màmá." Mo jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn láti ṣọ́ọ̀ṣì, Fúnmi á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí, Padova, jákẹ́ẹ̀tì, kò fi ìkan pamọ́. Ojú ń tì í nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí nù. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru, mo ń ronú pé bí ọmọ yìí kò bá padà di ẹni tó ń pariwo ńkọ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún wa.

Òtútù lọ. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ìwé díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn bí olè.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, Fúnmi ń lọ aṣọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mì. Mo gbé orí sókè. Gbàgà! Ife mì lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn wálẹ̀, ó fọ́.

Fúnmi ti la ẹnu láti pe ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀."

Ọmọ sáré gba iwájú wa kọjá lọ sí yàrá, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Kò mọ ohun tó ṣe. A dúró níbẹ̀, a ń tẹ́tí. Ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́, ó fẹ́ dà bíi pé Signora Ines kò sí nílé. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa: kò, kò.

Mo mú ìgbálẹ̀ tèmi, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ilẹ̀, mo dá a lóhùn.